Òkun Kọ́ Ló Po Májèlé Inú Ẹja

Ológbò ló kọ́kọ́ kú. Ní àwọn abúlé apẹja tó yí ìlú Minamata ká, létí òkun Shiranui ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Kyushu ní Japan, àwọn ará àdúgbò ṣàkíyèsí láàárín àwọn ọdún 1950 pé ológbò wọn kò ṣe dáadáa mọ́. Wọn a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọn a máa pòòyì lójú kan, itọ́ a máa dà lẹ́nu wọn, àwọn mìíràn a sì já sínú òkun kú. Ẹyẹ kannakánná ń já bọ́ látojú ọ̀run. Ẹja ń kú léfòó lójú omi láìsí ẹni tó ju àwọ̀n. Àwọn èèyàn ní ológbò ń jó. Wọn ò tíì mọ̀ pé ẹja tí ológbò ń jẹ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn náà ń jẹ nínú àwo.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1956, wọ́n gbé ọmọdébìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà lọ sí ilé ìwòsàn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà nílùú náà. Kò lè rìn dáadáa, ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu rẹ̀, gìrì sì ń mú un. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àwọn aládùúgbò wọn dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, Dókítà Hajime Hosokawa tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn náà fi tó àwọn aláṣẹ ìlera létí pé àrùn kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀, ọpọlọ èèyàn ló sì ń bá jà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, 40 aláìsàn ni wọ́n ti kà, 14 nínú wọn sì ti kú.

Àwọn èèyàn rò pé àrùn náà ń ràn. Wọ́n ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀, wọ́n da oògùn apakòkòrò sí ilé wọn, ará àdúgbò ò sì fẹ́ bá ìdílé wọn da nǹkan pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Kumamoto ti sọ ohun tí wọ́n rí: àrùn náà kì í ràn. Májèlé ni, ó jọ ti irin olóró, ẹja àti àwọn ẹran omi oníkarawun tí wọ́n ń kó nínú ìyawọlẹ̀ omi Minamata ló sì ń gbé e wọ ara èèyàn.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Àwọn apẹja Minamata jìnnà sí wa, àmọ́ ojúgbà wa ni wọ́n. Ẹja ni wọ́n fi ń jẹun láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹja ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó lè rán ọmọ lọ sílé ìwé. Bí ọ̀rọ̀ májèlé inú ẹja bá délẹ̀, ìtàn tiwọn ló yẹ ká kọ́kọ́ gbọ́.

Ilé iṣẹ́ tí ìlú gbára lé

Ọdún 1908 ni ilé iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Chisso dé Minamata. Ajílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, nígbà tó yá wọ́n fi oríṣiríṣi kẹ́míkà kún un. Ìlú kékeré náà di ìlú ńlá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń gbowó oṣù, owó orí ilé iṣẹ́ náà ló sì ń gbé ìjọba ìlú ró. Láti ọdún 1926 ni àwọn apẹja ti ń ráhùn pé ẹ̀gbin ilé iṣẹ́ ń ba omi jẹ́. Ilé iṣẹ́ fún wọn lówó díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú, iṣẹ́ sì ń lọ.

Lọ́dún 1932, Chisso bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acetaldehyde, èyí tí wọ́n ń lò láti fi ṣe ike àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Kí iṣẹ́ náà tó lè yá, mẹ́kúrì ni wọ́n ń dà sí i. Mẹ́kúrì ni irin olómi tó ń dán bíi fàdákà, èyí tí àwọn àgbà mọ̀ nínú gíláàsì tí nọ́ọ̀sì máa ń fi wo bí ara aláìsàn ṣe gbóná tó láyé àtijọ́. Nínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà, díẹ̀ nínú mẹ́kúrì yìí ń yí padà di methylmercury, tí oró rẹ̀ le ju ti mẹ́kúrì lásán lọ fíìfíì. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tú dànù pẹ̀lú omi ẹ̀gbin sí èbúté Hyakken. Nígbà tí àwọn olùwádìí wa ẹrẹ̀ ẹnu kòtò ẹ̀gbin náà lọ́dún 1959, wọ́n rí ibi tí mẹ́kúrì ti tó kílò méjì nínú tọ́ọ̀nù ẹrẹ̀ kan.

Bí májèlé ṣe ń pọ̀ sí i nínú ẹja

Ẹni tó bá gbọ́ pé òkun fẹ̀ lè rò pé kò sí ẹ̀gbin tí kò ní í pòórá nínú rẹ̀. Methylmercury kì í pòórá bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ da mẹ́kúrì lásán sínú omi, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú ẹrẹ̀ lè sọ ọ́ di methylmercury. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú omi a fà á mọ́ra. Ẹja wẹẹrẹ a jẹ wọ́n, ẹja tó jù wọ́n lọ a jẹ ẹja wẹẹrẹ, títí tí yóò fi kan àwọn ẹja ńlá tó ń pa ẹja mìíràn jẹ. Ọ̀rọ̀ náà dà bí àjọ: díẹ̀ díẹ̀ ni kálukú ń dá, ẹni tó kó o ni owó rẹpẹtẹ ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹja ńlá ló ń kó àjọ májèlé inú òkun. Bó bá ṣe tóbi tó, tó sì dàgbà tó, bẹ́ẹ̀ ni tinú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó sì lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ju èyí tó wà nínú omi tó ń wẹ̀ lọ.

Ojú ò lè rí i, imú ò sì lè gbóòórùn rẹ̀. Kò sí nínú ìfun tàbí awọ tí èèyàn lè yọ sọnù, torí inú ẹran ara ẹja gan-an ló lẹ̀ mọ́. A lè sè é, ká dín in, ká yan án, ká sá a sóòrùn, májèlé náà wà níbẹ̀. Ẹja tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ yìí lè ní in nínú.

Bí ó bá wọ ara èèyàn, ọpọlọ ló ń forí lé. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ máa kú tipiri, ẹnu á máa kú bíi pé kò sí níbẹ̀. Ojú ò ní í rí ẹ̀gbẹ́ mọ́, iwájú nìkan ni yóò máa rí. Etí á di, ọ̀rọ̀ á wúwo lẹ́nu, ọwọ́ ò ní í lè de bọ́tìnì aṣọ. Nínú irun àwọn ará Japan tí kò gbé ní agbègbè Minamata, mílígíráàmù mẹ́kúrì mẹ́rin ni wọ́n ń rí nínú kílò irun kan. Nínú irun àwọn aláìsàn Minamata, ó dé 705.

Ọdún méjìlá tí wọ́n fi dákẹ́

Ìdákẹ́ àwọn tó mọ̀ ló sọ àrùn yìí di àjálù tí kò ṣeé ká mọ́.

Lọ́dún 1957, ìjọba agbègbè Kumamoto bi iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìlera bóyá àwọn lè fòfin de títa ẹja inú ìyawọlẹ̀ omi náà. Èsì tí wọ́n gbà ni pé kò sí ẹ̀rí tó dájú pé gbogbo ẹja ibẹ̀ ló ní májèlé, nítorí náà òfin ò lè dè é. Apẹja tí kò ní iṣẹ́ mìíràn padà sójú omi, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ ohun tí bàbá wọn pa. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, Chisso darí omi ẹ̀gbin rẹ̀ kúrò ní èbúté Hyakken lọ sí ẹnu odò Minamata. Láti ibẹ̀ ni májèlé ti rí ọ̀nà tàn ká òkun Shiranui, àwọn èèyàn tí àrùn náà ò dé ọ̀dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn.

Nínú oṣù keje ọdún 1959, àwọn olùwádìí Kumamoto kéde pé mẹ́kúrì ni. Ilé iṣẹ́ jiyàn. Ṣùgbọ́n Dókítà Hosokawa fúnra rẹ̀ ti ń da omi ẹ̀gbin ilé iṣẹ́ sínú oúnjẹ ológbò láti fi wádìí. Nínú oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ológbò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 400 bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bíi ti àwọn ológbò abúlé apẹja. Àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ gbọ́, wọ́n sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Lọ́dún 1970 ni Hosokawa tó jẹ́rìí sí i fún ilé ẹjọ́, orí ibùsùn ilé ìwòsàn tí jẹjẹrẹ dá a dùbúlẹ̀ sí ló ti sọ ọ́. Kò lò ju oṣù mélòó kan lọ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú.

Ní òpin ọdún 1959 kan náà, ilé iṣẹ́ gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí wọ́n ní yóò máa fọ omi ẹ̀gbin mọ́. Wọn ò ṣe ẹ̀rọ náà láti yọ mẹ́kúrì kúrò nínú omi. Wọ́n tún mú kí àwọn aláìsàn tó ti tálákà tán fọwọ́ síwèé pé àwọn gba owó àánú, àti pé bó bá wá hàn lọ́jọ́ iwájú pé ilé iṣẹ́ ló jẹ̀bi, àwọn ò ní í béèrè kọ́bọ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ilé ẹjọ́ wọ́gi lé ìwé náà pé ó lòdì sí ìwà ọmọlúwàbí.

Ìdákẹ́ yẹn ran ìlú mìíràn. Lọ́dún 1965, àrùn kan náà bẹ́ sílẹ̀ létí odò Agano ní agbègbè Niigata, níbi tí ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe acetaldehyde. Oṣù karùn-ún ọdún 1968 ni Chisso tó ṣíwọ́ iṣẹ́ náà, nítorí pé ọ̀nà tuntun tó dínwó ti wà láti fi ṣe é. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni ìjọba Japan tó gbà ní gbangba pé mẹ́kúrì ilé iṣẹ́ ló fa àrùn Minamata. Ọdún méjìlá gbáko ti kọjá lẹ́yìn ìkìlọ̀ àkọ́kọ́.

Ọmọ tí kò tíì jẹ ẹja rí

Nínú gbogbo ohun tí Minamata fi kọ́ ayé, ti àwọn ọmọ ọwọ́ ló gúnni lọ́kàn jù. Wọ́n ń bí ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ò dúró, tí kò lè jókòó, tí kò lè sọ̀rọ̀, nígbà tí ara ìyá rẹ̀ le. Àwọn oníṣègùn ìgbà náà gbà gbọ́ pé ibi ọmọ a máa dènà májèlé kó má baà kan ọmọ inú oyún. Dókítà Masazumi Harada kò tẹ́tí sí ohun tí ìwé sọ nìkan, ó tẹ́tí sí àwọn ìyá. Wọ́n sọ fún un pé ẹja làwọn jẹ nígbà tí àwọn lóyún. Lọ́dún 1962 ni wọ́n gbà pé òótọ́ ni: ibi ọmọ kò dá methylmercury dúró, ara ọmọ inú ló sì ń gba púpọ̀ nínú èyí tó wọ ara ìyá.

Ẹ̀rí tó lágbára jáde láti inú àṣà. Àwa a máa ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀. Àwọn ará Japan a máa gbẹ ìwọ́ ọmọ, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí kékeré. Nígbà tí àwọn olùwádìí kó àwọn ìwọ́ gbígbẹ wọ̀nyí jọ, wọ́n rí methylmercury nínú wọn, ó sì hàn bí ó ṣe ń pọ̀ sí i ní àwọn ọdún tí ilé iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ gidigidi.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdún 1973, ilé ẹjọ́ Kumamoto dá àwọn aláìsàn láre. Lọ́dún 1988, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fìdí ẹ̀bi ọ̀daràn múlẹ̀ lórí ẹni méjì tó ti jẹ́ ọ̀gá nílé iṣẹ́ náà. Lọ́dún 2004, ó sọ pé ìjọba pẹ̀lú jẹ̀bi. Àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí ní tààrà pé àrùn Minamata ló mú wọn lé ní 2,200, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti kú. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún èèyàn mìíràn ló gba ìrànwọ́ lọ́nà mìíràn. Láti ọdún 1977 dé 1990 ni wọ́n fi ń wa ẹrẹ̀ májèlé inú ìyawọlẹ̀ omi náà, wọ́n sì sọ ibi tó tó hẹ́kítà 58 di ilẹ̀. Ọdún 1997 ni wọ́n tó ká àwọ̀n tí wọ́n fi dí ẹnu omi kó má baà jẹ́ kí ẹja jáde.

Ẹja tó wà lórí àtẹ wa

Kí ni kí àwa ṣe? Ká má jẹ ẹja mọ́ kọ́. Ẹja ń fún ọmọ ní èròjà tí ọpọlọ fi ń dàgbà, ó ń ran ọkàn àgbàlagbà lọ́wọ́, òun sì ni ẹran tí owó tálákà ká. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ tí àjọ FAO àti àjọ WHO kó jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì rí i pé àǹfààní tó wà nínú kí aboyún jẹ ẹja ju ewu rẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Irú ẹja tí à ń jẹ ló ṣe pàtàkì.

Lórí èyí, ìròyìn ayọ̀ wà fún wa. Ẹja tó wọ́pọ̀ jù lórí àtẹ àwọn ẹlẹ́ja wa kì í ṣe ẹja ńlá tó ń kó májèlé jọ. Àyẹ̀wò tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ṣe fi hàn pé irú títọ́sì tó ń wá láti òkun Àtìláńtíìkì kò ní ju nǹkan bí 0.05 mílígíráàmù mẹ́kúrì lọ nínú kílò kan. Ẹja bíi sàdíìnì kéré sí i. Ṣùgbọ́n shark àti swordfish súnmọ́ mílígíráàmù kan, nǹkan bí ìlọ́po ogún ti títọ́sì. King mackerel, tó bá títọ́sì tan ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ dáadáa, ní 0.73. Ìdí nìyí tí àjọ náà fi ní kí aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ọmọdé má jẹ àwọn ẹja ńlá wọ̀nyí rárá.

Mẹ́kúrì nìkan kọ́ ló wà nínú òkun. Àwọn kẹ́míkà bíi PCB àti dioxin wà tí wọ́n ń kó sínú ọ̀rá ẹja. Ní òkun Baltic, wọ́n pọ̀ nínú ẹja débi pé ìjọba Sweden ní kí ọmọdé àti obìnrin tó ṣì lè bímọ má jẹ irú àwọn ẹja ọlọ́ràá kan níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún. Nítorí pé inú ọ̀rá ni wọ́n wà, bíbó awọ àti yíyọ ọ̀rá ẹja dànù máa ń dín wọn kù, èyí tí kò ṣeé ṣe fún mẹ́kúrì. Èéfín tí a fi ń yan ẹja náà lè fi oró tirẹ̀ kún un, pàápàá bí ẹnikẹ́ni bá fi ike tàbí táyà dáná.

Odò tó ń ṣàn lọ sí ọ̀sà

Òkun kì í po májèlé, orí ilẹ̀ ló ti ń wá bá a. Èyí ló yẹ kó bà wá lẹ́rù jù. Lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń wa góòlù ní àgbègbè Iléṣà ti ba àwọ̀ odò Ọ̀ṣun jẹ́. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2022, bí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ṣe ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi tí àwọn baba ńlá wọn ti ń bù mu. Káàkiri àgbáyé, mẹ́kúrì ni àwọn tó ń fọwọ́ wa góòlù fi ń yọ ọ́ lára òkúta. Òṣogbo kọ́ sì ni odò Ọ̀ṣun parí sí. Ó ń ṣàn lọ sí ọ̀sà Lẹ́kí, níbi tí àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ ti ń ju àwọ̀n, ọ̀sà náà sì so mọ́ òkun.

Ẹ fi ẹ̀gbin ilé iṣẹ́ tó ń bọ́ sínú ọ̀sà Èkó kún un, àti ìpara ìbóra tí wọ́n pò mẹ́kúrì mọ́, tí à ń fi omi fọ̀ kúrò lára lọ sínú gọ́tà. Nàìjíríà, Benin àti Togo wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, èyí tí ayé ṣe ní Kumamoto lọ́dún 2013, tó sì di òfin lọ́dún 2017. Ọwọ́ tí a fi síwèé kò tíì fọ odò kankan.

Mo bẹ ẹ̀yin aboyún àti ẹ̀yin òbí: ẹ máa jẹ ẹja, ẹ máa fún ọmọ jẹ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹja kéékèèké, ẹ sì máa pààrọ̀ irú èyí tí ẹ ń rà. Ẹ fi àwọn ẹja ńlá tó ń pa ẹja ẹgbẹ́ wọn jẹ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ wọ́n tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù, torí ara máa ń yọ ìdajì methylmercury tó wà nínú rẹ̀ dànù láàárín nǹkan bí oṣù méjì bí a kò bá fi kún un.

Ẹ̀yin tó wà nípò àṣẹ, ní NAFDAC, ní NESREA, ní àjọ olùwádìí òkun NIOMR tó wà l'Ékòó, iṣẹ́ dọwọ́ yín. Ẹ máa yẹ ẹja Ẹ̀pẹ́, Mákòkó, Àgbádárìgì àti Ìgbòkòdá wò déédéé, kí ẹ sì máa gbé èsì rẹ̀ jáde ní èdè tí ìyá ẹlẹ́ja gbọ́. Bí ẹ bá rí ilé iṣẹ́ tàbí awakùsà tó ń da májèlé sómi, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i. Minamata dúró de ẹ̀rí tó pé pérépéré, ọdún méjìlá ló fi dúró, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ló sì san gbèsè rẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ kankan nílẹ̀ wa san irú gbèsè bẹ́ẹ̀.